Fọ́ǹtì Yorùbá tí mò ń yà: ibi tí mo bá a dé

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti ń ya fọ́ǹtì, ìyẹn àwọn lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé. Mo ti ya A dé Z, lẹ́tà ńlá nìkan o, pẹ̀lú rúlà àti pẹ́ńsù, gbogbo ìlà sanra bákan náà, ó wá dà bí igi ìdáná tí wọ́n tò jọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ síìnbọ́ọ̀dù n'Ìbàdàn wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kó o máa fi rúlà kọ̀wé?" Wọ́n fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, wọ́n ní kí n dá a gẹ̀rẹ́ díẹ̀, kí n má yí ọwọ́ mi, kí n ṣáà máa fà á. Ha! Bí mo ṣe fà á wálẹ̀ ló sanra, bí mo ṣe fà á sápá ọ̀tún ló tín-ínrín, mi ò sì ṣe nǹkan kan sí i. Àṣé ìdí tí ẹsẹ̀ òsì A fi máa ń tín-ínrín tí tọ̀tún sì máa ń sanra nìyẹn.

Ìgbà yẹn lohun tí mo kà nípa òpó Trajan, olú ọba Róòmù àtijọ́, ní Róòmù tó yé mi. Ọdún 113 ni wọ́n parí ẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sídìí ẹ̀ làwọn tó ń ya fọ́ǹtì ṣì ń wò kọ́ṣẹ́ dòní. Edward Catich, àlùfáà Kátólíìkì kan l'Amẹ́ríkà tóun náà ti kọ síìnbọ́ọ̀dù rí, ló ní kì í ṣe irin agbẹ́kùúta ló bí àwọn ìrù kékeré tó máa ń wà lẹ́nu lẹ́tà, pé búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́ sára òkúta kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà fún un, èmi gbà, ọwọ́ mi ti rí i.

A yẹn náà, ẹ dojú ẹ̀ dé kẹ́ ẹ wò ó. Orí màlúù ni! Àwọn ará Fòníṣíà ń pè é ní aleph, ìyẹn màlúù, ó dọ́wọ́ àwọn Gíríìkì, wọ́n yí i títí ìwo fi di ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà. Lẹ́tà kékeré. Èyí ò ti ara òpó wá o, gègé àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Charlemagne, ọba kan ní Yúróòpù, ni, ní nǹkan bí ọdún 800. Ó yá ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, wàhálà dé. Àmì ìsàlẹ̀. Mo kàn da àmì orí lẹ́tà i kọ ni, mo gbé e sábẹ́ lẹ́tà e, ó dà bí ìdọ̀tí ojú fóònù, àfìgbà tí mo jẹ́ kó tóbi sí i. Kọ̀ǹpútà wá ní nọ́ńbà fún lẹ́tà ẹ, U+1EB9, torí àwọn ará Vietnam náà ń lò ó (ohùn ni àmì yẹn ń sọ fún tiwọn), ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹ́ ò ní nọ́ńbà tiẹ̀ rárá, lẹ́tà ẹ lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé àmì lé e lórí, tí fọ́ǹtì ò bá sì mọ ibi tó máa gbé àmì náà sí, á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà ọ̀mùtí. Nínú FontForge, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ǹtì, ẹ máa fi ìdákọ̀ró kan sórí lẹ́tà, ẹ fi ọ̀kan sídìí àmì, káwọn méjèèjì lè pàdé. Fáwẹ̀lì kékeré nìkan, mo ka 16 tó ní àmì, ká tó sọ ṣ àti ń. Tó bá jẹ́ ayé tí wọ́n ń fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé ni, bíi ti Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ń tẹ̀ l'Abẹ́òkúta láti 1859, kálukú wọn ló máa fẹ́ òjé tiẹ̀. Mo kí àwọn atẹ̀wé ìgbà yẹn o.

Ọ̀sẹ̀ kejìlá. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà lálẹ́ àná. Àmì orí Ọ̀ ńlá ń forí gbá àmì ìsàlẹ̀ ọ tó wà ní ìlà òkè ẹ̀, mo fi 150 kún àlàfo ìlà (1000 ni mo pín gíga lẹ́tà sí nínú fọ́ǹtì yìí), ó ti fi wọ́n sílẹ̀ báyìí. Ṣ nìkan ló kù, kò tíì wù mí.