Wọn Kì Í Kan Ilẹ̀kùn Mi ní Maryland

Ọdún 2016 ni mo kọ́kọ́ dìbò ní Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn náà ni mo búra di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo ti wà lórí ìlà ní ibùdó ìdìbò. Mo gbà pé Ààrẹ ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi yàn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé ní Pennsylvania ló là mí lójú. Láti oṣù kẹsàn-án ni àwọn apolongo ìbò ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń kan ilẹ̀kùn wọn. Fóònù kò sinmi, tẹlifíṣọ̀n kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹnì kan ṣoṣo kò yà. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tó fà á. Wọ́n ní, “Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ yín? Gbogbo ayé ló ti mọ ẹgbẹ́ tí Maryland yóò gbè.” Ó dùn mí wọra.

Bó ṣe rí nìyí. Aṣojú 538 tí wọ́n pín sí àwọn ìpínlẹ̀ ló ń yan Ààrẹ níbí, ètò tí wọ́n ń pè ní Electoral College. Ẹni tó bá rí 270 ló wọlé. Ẹni tó bá fi ìbò kan péré borí ní ìpínlẹ̀ kan ni yóò kó gbogbo aṣojú ibẹ̀, àfi ní Maine àti Nebraska. Lọ́dún 2016 yẹn, ìbò Hillary Clinton fi bíi mílíọ̀nù 2.9 ju ti Donald Trump lọ, Trump ló sì wọlé. Lọ́dún 2000, Al Gore ló ní ìbò tó pọ̀ jù káàkiri, ṣùgbọ́n ìbò 537 tí George W. Bush fi jù ú lọ ní Florida ló gbé Bush dé ipò Ààrẹ.

Ẹ má rò pé nítorí ẹgbẹ́ kan ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Republican ni. Láti 1988 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti borí ní Maryland nínú ìbò Ààrẹ. Kì í pa ìbò jẹ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé agbọ̀n lòun fi ń pọn omi. Lọ́dún 2020, ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 6 ni Trump, Republican bíi tirẹ̀, rí ní California, ó ju èyí tó rí ní Texas lọ. Aṣojú kan ṣoṣo kò tìdí rẹ̀ jáde.

Mo ní kí wọ́n kúkú máa ka ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, kí ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà fún mi. Wọ́n ní bó bá jẹ́ iye orí nìkan, ta ni yóò ya ọ̀dọ̀ àwọn ará Wyoming, ìpínlẹ̀ tí èrò rẹ̀ kéré jù? Mo ní, ta ló ń yà síbẹ̀ báyìí? Wọ́n tún ní, tí àríyànjiyàn ìbò Florida nìkan bá gba ọjọ́ 36 lọ́dún 2000, títún ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè kà ńkọ́? Èyí le, n kò rí èsì kánkán fún un.

Mo wá ní kí a wo ilé. Ní Nàìjíríà, iye ìbò ni a ń kà, síbẹ̀ olùdíje gbọ́dọ̀ ní ìdá mẹ́rin kan ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀, kó má baà jókòó sí agbègbè kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣé o ti gbàgbé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19?” Òótọ́ ni, 19 kò ṣe é pín sí mẹ́ta ọgbọọgba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ni wọ́n ti parí ìṣirò ìbò Ààrẹ 1979. Ṣùgbọ́n kò sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti da ìbò ẹni tí kò borí nù.

Lọ́dún 1969, ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà fi ìbò 338 sí 70 gbà kí aráàlú máa yan Ààrẹ tààrà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ni ọ̀rọ̀ náà kú sí. Maryland tèmi ló kọ́kọ́ ṣe òfin mìíràn ní 2007: a ó kó aṣojú wa fún ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè, bí aṣojú àwọn ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí i bá ti pé 270. Kò tíì pé.

Mo sọ fún obìnrin ibi iṣẹ́ wa pé ọjọ́ tó bá pé, ìbò rẹ̀ yóò bá ti Texas pàdé nínú àpótí kan náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n fi òfin náà ránṣẹ́ sí òun.