Ìkòkò méjì lórí iná Màámi

Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, 2025, tó ti di ọjọ́ Àìkú báyìí.

Aago mẹ́ta òru ti kọjá. Iwájú ilé ni mo jókòó sí, lórí àga oníke tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fẹ́ kán, fóònù ni mo sì fi ń tẹ èyí. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ajá aládùúgbò ti gbó mi títí, ó ti sú u. N kò lè sùn nítorí pé mo yó ní àyójù, irú yíyó tó jẹ́ pé bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ńṣe ni oúnjẹ fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun padà. Mo máa sọ bó ṣe jẹ́, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì la dé láti Àbújá. A gba Lọ́kọ́ja, a gba Ọ̀wọ̀, ilẹ̀ ṣú bá wa ní Ọ̀rẹ̀. Nípa ọ̀nà yẹn, n kò ní sọ ju pé Ọlọ́run ṣeun. Màámi ti sùn lọ sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ariwo àwọn ọmọ jí wọn, wọn kò tíì kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi sọ pé, "Mo ti ra ewùrà o."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀bú lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi tó kíni káàbọ̀. Ewùrà ni à ń fi ṣe ìkọ́kọrẹ́. Iṣu ni, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún odó. Bí ẹ bá gún un, kò ní fà bí iyán. Àwọn baba wa kò bá a jà, wọ́n kàn ń rin ín ni. Ìyàwó mi, tó jẹ́ ọmọ Èkìtì, kò tíì dárí jì wọ́n. Lójú tirẹ̀, iṣu tí kò bá ti rí ojú odó kò tíì dàgbà. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti fẹ́ ẹ, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń bi mí: "Iṣu ni ìkọ́kọrẹ́. Gbágùúdá ni ẹ̀bà tí ẹ fi ń jẹ ẹ́. Èwo ni ọbẹ̀ níbẹ̀?"

N kò tíì rí èsì gidi fún un. Ẹni tó bá ní, kó fi ránṣẹ́.

Ní àárọ̀, èmi àti Màámi lọ sí ọjà Òkè-Ajé láti ra ẹja gbígbẹ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń gbé èyí tó dára wá, níbi tí ọ̀sà wà. Màámi kì í fi ojú ra ẹja. Wọ́n á gbé e sí etí imú, wọ́n á ṣẹ́ ìrù rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún gbé e padà bíi pé ẹja náà bú wọn. Àwọn ìyá tó wà nídìí àtẹ ń sọ̀rọ̀ Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Àwùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó wàjà ní oṣù Keje. Ọdún 1960 ni Kábíyèsí gorí oyè. Màámi dúró, ẹja lọ́wọ́, wọ́n ní, "N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. N kò mọ Àwùjalẹ̀ mìíràn láyé mi." Gbogbo wọn dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màámi ní owó ẹja ti pọ̀ jù, àwọn kò ní fi kọ́bọ̀ kún un, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì parí.

Nígbà tí a délé, wọ́n gbé páànù ìrin jáde. Ẹ mọ páànù yẹn: èyí tí wọ́n fi ìṣó lù níhò wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣákáṣàka. Ó ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo jókòó, mo ń dúró kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe. Wọ́n na páànù náà sí mi.

"Àkànní, ìwọ lo máa rin ín lónìí."

Mo wo ọwọ́ wọn. Oríkèé ìka wọn ti wú, àtàǹpàkò ọ̀tún kò sì ká dáadáa mọ́. Lórí fóònù, ohùn nìkan ni mo máa ń gbọ́. Ohùn wọn kò yí padà.

Ẹni ọdún 43 ni mí. Mo ti fi ìkọ́kọrẹ́ yangàn ní ilé iṣẹ́, mo ti bá àwọn ọmọ Ìbàdàn jiyàn lórí rẹ̀ títí wọ́n fi binú, n kò sì tíì rin ewùrà rí láyé mi. Àárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi títí dé ìgúnpá. Omi ewùrà ń yọ̀ bí ilá, ó ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. "Má tẹ̀ ẹ́," ni Màámi ń wí. "Jẹ́ kí páànù ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ṣé ìjà lo bá a wá ni? Ẹ̀yin ará Èkìtì lẹ bà á jẹ́, ẹ ti kọ́ ọ láti máa bá iṣu jà." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń fi fóònù ya fídíò gbogbo rẹ̀. Ibi tí mo ti bojú wẹ̀yìn láti fún un lésì ni páànù ti bó mi ní àtàǹpàkò. Ọmọ mi obìnrin yọjú sínú abọ́ náà, ó ní, "Dádì, ẹran ti wọ inú ẹ̀."

Ọmọ ọdún 11 ni, ó sì mú ìwé àti bírò dání, ó fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe ń sè é kalẹ̀.

"Màmá, omi mélòó?"

"Omi tó máa tó o."

"Epo ńkọ́?"

"Títí ojú ẹ̀ á fi pọ́n."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo wo ìwé náà nírọ̀lẹ́: *Omi: tó máa tó. Epo: títí ojú á fi pọ́n. Ẹja: máa fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, má fi ojú wọ̀n ọ́n.* Bóyá òun nìkan ni yóò lè sè é nínú ìran tó ń bọ̀, nítorí pé kò bá wọn jiyàn.

Kókó tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ìkòkò méjì ló wà lórí iná: ńlá kan, àti kékeré kan tó rí bí èyí tí à ń fi ṣe ẹ̀kọ ọmọ ìkókó. Láti oṣù Kẹrin tí dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ Màámi ń ru, Àǹtí mi ti di ọlọ́pàá iyọ̀. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, Ṣágámù ni wọ́n ń gbé, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń wá. Wọ́n ti gbé agolo iyọ̀ kúrò lórí pẹpẹ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ, mágí náà sì wà nínú ìṣirò yẹn, irú tí wọ́n fi iyọ̀ pò náà wà níbẹ̀. "Ìwọ wà ní Àbújá," ni wọ́n sọ kẹ́yìn. Wọn kò fi nǹkan kan kún un. Mo gbọ́ ìyókù.

Ìkòkò kékeré ni ti Màámi, kò sí iyọ̀, kò sí mágí. Ìkòkò ńlá ni tiwa. Ẹ wá wo ìyà: ẹni tó ti ń sè é fún ọdún tó lé ní àádọ́ta ló jókòó síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

Omi hó pẹ̀lú epo, ata, àlùbọ́sà, ẹja, edé àti pọ̀nmọ́. Màámi kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ìka mẹ́rin bu ewùrà tí mo rin sínú rẹ̀, ní ṣíṣù ṣíṣù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ de ìkòkò, ẹ sì gbàgbé ẹ. Ẹni tó bá rò ó lójú ẹsẹ̀ ti sọ ọ́ di ògì. Tó bá tó bí ogún ìṣẹ́jú, tí ṣíṣù náà ti gan, ẹ wá fi ọmọ orógùn yí i jẹ́jẹ́, kí àwọn kan fọ́ kí ọbẹ̀ lè ki, kí àwọn tó kù wà ní kóńkó kóńkó. Kóńkó yẹn ni ọmọdé máa ń bá ara wọn jà lé lórí.

"Ọkọ mi, wá," ni Màámi pe ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6. "Ìwọ ni ahọ́n mi lónìí. Tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. Ó di ojú. Ó ní, "Ó kù díẹ̀."

"Iyọ̀ ni àbí ata?"

"Iyọ̀. Kékeré báyìí." Ó fi orí ìka hàn wá.

Àǹtí mi gbé agolo jáde láti ibi kan (wọ́n ní kí gbogbo wa kọ́kọ́ kẹ̀yìn), wọ́n fi ọwọ́ fọ́n iyọ̀ sí ìkòkò ńlá. Mo yíjú padà kíákíá. Ojú Màámi wà lára iyọ̀ náà títí ó fi yọ́ tán.

Abẹ́ igi máńgòrò la ti jẹ ẹ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti te ẹ̀bà, wọ́n pọ́n ọn sínú ọ̀rá, ó ti tutù pátápátá. Ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná, ẹ̀bà tútù; bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, gàárì Ìjẹ̀bú sì ni, èyí tó pẹ́ ní rírẹ kí wọ́n tó yan án, tó sì kan dáadáa. Kíkan yẹn ló ń gé epo. Òkèlè tútù á kọ́kọ́ kan ètè, ooru á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni eyín á wá bá pọ̀nmọ́. Ìyàwó mi jẹ abọ́ méjì. Nígbà tí mo bi í pé ọbẹ̀ dà níbẹ̀, ó ní ẹni tó ń jẹun kì í sọ̀rọ̀.

Màámi jẹ ti ìkòkò kékeré wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọn kò ráhùn. Ìyàwó mi ní, "Màámi, oúnjẹ yìí kéré jù fún yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó." Inú Àǹtí mi dùn débi pé wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní bí gbogbo aláìsàn wọn bá rí báyìí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ì bá rọrùn.

Ẹ má sọ ìyókù yìí fún wọn. Wọn kì í ka ohun tí mo bá kọ, mo dúpẹ́.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, ebi kọ́ ló jí mi, ìrántí ni. Ìkọ́kọrẹ́ tó bá ti sùn máa ń dì, adùn rẹ̀ sì máa ń jinlẹ̀ sí i. Wọ́n ti mú iná lọ. Mo tan iná fóònù, mo rọra ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Màámi wà lórí àpótí. Ìdérí ìkòkò ńlá wà lórí itan wọn. Ọwọ́ wọn wà nínú ìkòkò.

A wo ara wa.

"Pa iná yẹn," ni wọ́n wí.

Mo pa á.

"Àǹtí ẹ ń sùn?"

"Wọ́n ń hanrun, mà."

Mo gbọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpótí kejì sí mi. Mo jókòó. Kò sí ẹ̀bà, kò sí abọ́, ọwọ́ lásán la fi ń bu ú nínú òkùnkùn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi, ti dókítà, ti Àǹtí mi, ti gíráàmù 5. Mo gbé wọn mì pẹ̀lú pọ̀nmọ́.

"Ọmọ yẹn kò parọ́," ni Màámi sọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyí. Ó gba ahọ́n mi."

Mo ń ka ọwọ́ tí wọ́n ń bù. Ọ̀kan. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Nígbà tó kan ìkarùn-ún, mo fa ìkòkò náà sọ́dọ̀ ara mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bí ẹni tí wọ́n ń lé. N kò mí. Ó ku bí abọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀; mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ìka nu ìdí ìkòkò.

Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n dìde, tí wọ́n ń fọ ọwọ́ nínú bàsíà.

"Wọ̀bìà ni ọ́ láti kékeré," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ọwọ́ tútù kan orí mi, wọ́n sì lọ sùn.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, Àǹtí mi máa ṣí ìkòkò yẹn, wọ́n á sì bi wá. Èmi ni mo jẹ ẹ́.