Wọ́n kàn ń rìn ni

Eré kìlómítà 5 tí a sá ní Ẹ̀pẹ́ lónìí lọ nírọ̀rùn. Òjò kò rọ̀, orúnkún yẹn kò yọ mí lẹ́nu, ẹja tí a jẹ ní ọjà Olúwo lẹ́yìn rẹ̀ sì dùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bọ̀ níbí mọ̀ pé bí nǹkan bá lọ báyìí, oorun ló máa ń tẹ̀ lé e. Oorun kò wá.

Ọ̀rọ̀ kan ló há sí mi láyà. Nídìí tábìlì kejì tí wọ́n ti ń pín omi fún àwa tó ń sáré, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Maríínà létí ọ̀sà, ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ àwọn olùyọ̀ǹda sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Máa kó o jọ, jàre. Àwọn tó kù yẹn, wọ́n kàn ń rìn ni.”

Wọ́n kó o jọ lóòótọ́. Báàgì omi padà sínú ọkọ̀, wọ́n ká tábìlì, ó parí.

Kò fi ìbínú sọ ọ́ o. Kò pẹ̀gàn ẹnikẹ́ni, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Bóyá ohun tó jẹ́ kó máa dùn mí nìyẹn. Ká ní èébú ni, mi ò bá ti gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ro ó. Ẹni tó sáré kìlómítà 5 ní ìṣẹ́jú 20, kí ló fẹ́ fi omi ṣe lójú ọ̀nà? Bó bá ti mu díẹ̀ kó tó kúrò nílé, tó sì mu òmíràn nígbà tó dé, ó ti tó o. Ẹni tó ń rìn, ìṣẹ́jú 12 sí 15 ló ń lò lórí kìlómítà kan. Wákàtí kan rèé, tàbí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Bó bá fa ọmọ lọ́wọ́, ó lè di wákàtí kan àbọ̀. Aago 7 ni wọ́n fun fèrè. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ dé, atẹ́gùn ọ̀sà ṣì tutù. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn bá fi máa dé, aago 8 àbọ̀ ti lù, oòrùn ti gun orí ọ̀dà. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni òùngbẹ máa gbẹ? Ẹni tí wọ́n kó omi kúrò níwájú rẹ̀ ni.

Ooru etí ọ̀sà tiwa yìí kò sì jọ ti ìlú òkè. Omi ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kì í gbẹ lára, ṣe ló kàn ń ṣàn. Òógùn tó bá gbẹ ló ń mú ara tutù. Èyí tó bá kán sílẹ̀, òfo ni. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ kí orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, kí ojú rẹ̀ máa ṣú. Kò dìgbà tó bá sáré.

Wọ́n kàn ń rìn ni.

Mo mọ ohun tó fà á ṣá. Títì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní àkókò tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń fun fèrè, ará ọjà fẹ́ gbé ẹrù kọjá. Àwọn ọmọ yẹn sì ti jí láti aago 4, bóyá ni wọ́n rẹ́ni fún wọn ní búrẹ́dì. Ẹni tí ebi ń pa kì í fẹ́ dúró ti tábìlì. Mi ò lè bínú sí ọmọ yẹn. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ni kò sọ fún un pé iṣẹ́ kò parí lọ́jọ́ tí àwọn tó gbẹ̀bùn bá ti dé.

Ìyẹn ni mo sọ o. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo tún ń bínú sí i.

Ìṣirò omi kò kúkú le. Ká ní èèyàn 300 ló forúkọ sílẹ̀, tábìlì méjì lójú ọ̀nà, kí kálukú mú píọ̀-wọ́tà kan nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 600 nìyẹn, báàgì 30 tí a bá ka 20 sínú báàgì kan. Ẹ fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lé e, ó di 40. Báàgì 10 tí ẹ fi lé e yẹn ni ti àwọn ẹni ẹ̀yìn. Kí wọ́n gbé e sábẹ́ tábìlì, márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, kí wọ́n fi nǹkan pupa so ó, kí ẹnikẹ́ni má tú u títí wákàtí kan yóò fi kọjá. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ dé á mú méjì mẹ́ta, wọ́n á mu ẹnu kan, wọ́n á da ìyókù sórí. Ìyẹn ló máa ń tán omi, kì í ṣe òùngbẹ.

Ibi tí wọ́n gbé tábìlì sí náà kò dáa. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ẹsẹ̀ ti ń yára jù, èèyàn kò lè dúró gba nǹkan, ọ̀rá omi tí wọ́n sì sọ sílẹ̀ ń yọ̀. Kí wọ́n sún un síwájú, ó kéré tán mítà 30 lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú. Kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí sí nǹkan bíi mítà 50 níwájú tábìlì, nítorí kò sẹ́ni tó ń mu omi tán ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Bí dúrọ́ọ̀mù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, inú gọ́tà ni gbogbo ọ̀rá ń lọ, láti ibẹ̀ ó di ọ̀sà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ẹja, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Màmá kan wà tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, nọ́ńbà ti wà láyà rẹ̀, píìnì mẹ́rin dúró dáadáa ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dé ibi tí tábìlì wà tẹ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀ níbi tí omi ti tutù sí. Ó pe ọmọ tó ń kiri, ó tú etí ìró, ó fowó ara rẹ̀ ra píọ̀-wọ́tà kan. Ó feyín já a létí, ó kọ́kọ́ gbé e fún ọmọbìnrin tó ń bá a rìn, ó gba ìyókù, ó mu ún, ó sì ká ọ̀rá náà sọ́wọ́ títí dé òpin. Kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó ìforúkọsílẹ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ san ló san.

Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ. Ó wù mí kó má gbọ́ ọ.

Ní Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀n, níbi tí parkrun, eré kìlómítà 5 ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń sá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, èèyàn 13 ló sáré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò wọn ni olùyọ̀ǹda kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa rìn lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Òun ló ń kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ òun ló kẹ́yìn, kò sí ẹlòmíràn tó lè kẹ́yìn mọ́. Bí a bá ní irú rẹ̀ níbí, tábìlì kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ títí ẹni yẹn yóò fi kọjá, àwọn tó dúró ní ìkóríta kò gbọdọ̀ lọ sílé. Kò ná owó kankan. Ẹ fún un ní fèrè, fóònù tó ní káàdì, omi méjì nínú àpò, báńdéèjì, àti nọ́ńbà nọ́ọ̀sì. Kó jẹ́ ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó ti rẹ̀ nílò ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ ọjà àti ilé ìwé ọmọ ju ẹni tó ń pariwo “ẹ kú iṣẹ́!” lọ.

Kí wọ́n sì ka èèyàn. Iye tó gbéra, iye tó dé. Ẹ sàmì sí nọ́ńbà kálukú bó bá ti ń wọlé. Bí 300 bá lọ tí 297 dé, ẹ má tíì tú kánópì. Mẹ́ta wà níbì kan. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan jókòó sẹ́yìn odi… Nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń sọ pé kí kálukú kọ nọ́ńbà fóònù ẹbí rẹ̀ sẹ́yìn nọ́ńbà àyà, pẹ̀lú bírò tí omi kì í pa rẹ́. Díẹ̀ ló ń kọ ọ́.

Ti máratọ́ọ̀nù, kìlómítà 42.195, yàtọ̀, mo gbà. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń sá ní Èkó láti 2016 mọ̀ pé wọn kò lè ti ọ̀nà pa títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n kìlómítà 5 tí wọ́n kọ “tọmọdé tàgbà” sára pátákó rẹ̀? Àgbà wo ni wọ́n rò pé ó ń bọ̀?

Ẹ tún ti ń bèèrè ìdí tí mo fi fẹ́ràn eré onídènà bíi tòní, èyí tí a ti ń gun ògiri, tí a sì ń gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Ọ̀kan nìyí: níbẹ̀, kò sí ẹni tí kì í rìn. Ògiri pákó kì í bèèrè bóo ṣe yára tó. Tough Mudder, eré onídènà tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010, fi í ṣe ìlànà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kíkún ara ẹni lọ́wọ́ ṣe pàtàkì ju aago lọ. Spartan Race bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà, àwọn sì ń ka ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ràn ìyẹn náà, mi ò ní parọ́.

Lórí pápá lónìí, ògiri náà tó nǹkan bíi mítà 2 àbọ̀, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é mọ́ igi àtìlẹ́yìn, kì í ṣe ìṣó, inú mi dùn sí i. Igi tó bá mu omi ń ti ìṣó jáde. Ẹ yára díẹ̀ wá síbẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ gba ògiri níbi tó tó ìgbáròkó yín, kí ẹsẹ̀ yẹn ju ara sókè. Apá nìkan kò lè gbé yín. Ọwọ́ méjèèjì di etí pákó mú, ìgbọ̀nwọ́ rékọjá, lẹ́yìn náà gìgísẹ̀ kan. Sísọ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe. Wọ́n á jókòó sórí rẹ̀, wọ́n á fò, ọrùn ẹsẹ̀ á gbà á. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fọwọ́ rọ̀ títí apá yóò fi nà tán. Ìgbà yẹn, ohun tó kù láàárín ẹsẹ̀ àti ilẹ̀ kò ní ju ìdajì mítà lọ. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́.

Ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ kó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kó lóṣòó díẹ̀, kí ẹnì kejì gun itan rẹ̀ níbi tó sún mọ́ ìgbáròkó. Kò gbọdọ̀ gun orúnkún, kò gbọdọ̀ gun ẹ̀yìn. Nígbà tí màmá oníhíjáàbù dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó dúró ti ògiri mọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ẹrẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣe é dáadáa. Amọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lálẹ́ àná, omi kànga tí wọ́n bù sí i láàárọ̀, kò jìn ju agbedeméjì ojúgun lọ, okùn ọ̀rá lókè rẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan pín sí méjì. Ẹ má lo omi adágún tí ìgbín odò ń gbé, ibẹ̀ ni àrùn ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Kí wọ́n sì fi réèkì ha ilẹ̀ náà kí omi tó wọ ibẹ̀, nítorí ìgò àti ìkarahun kì í hàn nínú ẹrẹ̀. Ẹni tó bá ní egbò, kó fò ó.

Fún orí fífọ́ àti àárẹ̀ lẹ́yìn eré: píọ̀-wọ́tà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, tó pé lítà kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tó dọ́gba, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má mu omi lásán ní àmuyó, ó lè po iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi jù.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣètò. Ọ̀rọ̀ rírọ̀ ni mo lò, mo nu àwọn èyí tó le kúrò. Ti Badagry ló kàn, etí òkun, nínú iyanrìn tó rọ̀, àwọn tó ń sáré gan-an á rìn níbẹ̀. Èèyàn 400 ni wọ́n ń retí, tábìlì méjì, báàgì omi 30 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Mo ní kó má dín ní 54, kí wọ́n sì wá ẹni kan tí yóò máa rìn lẹ́yìn. Èsì kò tíì dé.