Fáíbà yẹ́lò ni kí ẹ fi so switch yín

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí Sábó, tàbí ilé ìkẹ́rùsí sí Ọ̀dọ̀gùnyàn, onílé á bi ẹni tó ń ṣe nẹ́tíwọ̀kì fún un pé, "Ṣé Cat6 kò wá tó ni?" Cat6, ìyẹn wáyà bàbà nẹ́tíwọ̀kì, tó fún kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà àti Wi-Fi. Láti switch (àpótí tí àwọn wáyà nẹ́tíwọ̀kì ti ń pàdé) dé switch ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Mítà 100 ni Cat6 ń dé. Tí ẹ bá ní kó gbé gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dín sí nǹkan bíi mítà 55. Èyí tó tiẹ̀ kàn wá jù ní Ìkòròdú ni pé bàbà ń gbé iná. Tí ààrá bá sán nítòsí lóṣù Òkúdù, tí wáyà bàbà sì wà láàárín ilé ńlá àti ilé géétì, iná yẹn lè bá a wọlé, kó jó pọ́ọ̀tì switch méjèèjì. Fáíbà, okùn gíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, kì í gbé iná.

Oríṣi fáíbà méjì lẹ máa bá lọ́jà. Single-mode, tí wọ́n ń pè ní OS2, ló ń wọ aṣọ yẹ́lò. Ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi máíkírónù 9 lọ (máíkírónù 1 jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Ti multimode òde òní fẹ̀ tó 50. OM3 jẹ́ búlúù tó ń fà sí àwọ̀ ewé, OM4 náà máa ń wọ búlúù yẹn tàbí elésè àlùkò. Aláwọ̀ ọsàn, OM1 àti OM2, ti di ti àtijọ́. Ẹ má gbé gígábíìtì 10 lé OM1 tẹ́ ẹ bá bá nínú ògiri: mítà 33 péré ló lè gbé e dé.

Ní gígábíìtì 10, OM3 ń dé mítà 300, OM4 ń dé 400. Ilé wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀ ní Sábó? Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń sọ pé multimode ti tó, pé SFP rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ switch láti fi tan ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà, sì dínwó. Mi ò bá wọn jiyàn lórí owó SFP. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé gígábíìtì 25, OM3 já wálẹ̀ sí mítà 70, OM4 sí 100. Switch ṣeé pààrọ̀ nígbàkigbà. Okùn inú ògiri ni kò ṣeé pààrọ̀ láìfọ́ POP. OS2 á gbé 1, á gbé 10, á gbé 25 àti 100. SFP tàbí switch nìkan lẹ máa pààrọ̀. Okùn rẹ̀ gan-an sábà máa ń dínwó ju OM4 lọ. Àwọn tó ń fa fáíbà íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé onílé, single-mode ni wọ́n ń jó pọ̀ (ìyẹn ni pé wọ́n ń fi iná so ẹnu gíláàsì méjì) lójoojúmọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ àti pigtail rẹ̀ (fọ́nrán kúkúrú tí ẹnu ìkìbọ̀ wà lápá kan) sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Tí multimode bá já lálẹ́ Sátidé, ẹ ó wá ohun èlò rẹ̀ dé Ìkẹjà.

Ilé tí OM3 tàbí OM4 tó dára ti wà nínú ògiri rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni mo lè gbà pé kó máa lo multimode. Switch méjì tó wà nínú rack (àpótí irin tí wọ́n ń to switch sí) kan náà kò tiẹ̀ nílò fáíbà: DAC, okùn bàbà kúkúrú tí orí SFP ti wà lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì, mítà 1, ti parí rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé SFP oníkìlómítà 10, ìyẹn LR, á jó èkejì rẹ̀ tí okùn bá kúrú. Irọ́ ni. Agbára tó pọ̀ jù tó lè tàn jáde jẹ́ 0.5 dBm (ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀), iye kan náà sì ni èkejì lè gbà wọlé. ER, ti kìlómítà 40, ni kí ẹ sá fún.

Ẹ jẹ́ ká ka ẹrù ilé alájà mẹ́ta yẹn. Switch àgbà wà nísàlẹ̀, àjà kọ̀ọ̀kan ní switch tirẹ̀. Okùn tirẹ̀ ni kí àjà kọ̀ọ̀kan fi bọ́ sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá so àjà kìíní mọ́ ìkejì, tẹ́ ẹ so ìkejì mọ́ ìkẹta, ọjọ́ tí UPS àjà kìíní bá kú ni gbogbo òkè dákẹ́. Ẹ ra okùn oní-fọ́nrán 12 tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ LSZH, tí iná bá ràn mọ́ ọn kò ní tú èéfín olóró púpọ̀. Ìsopọ̀ méjì sí àjà kan ń jẹ fọ́nrán 4. Ẹ jó gbogbo 12 pọ̀ mọ́ pigtail, nítorí owó ìpè oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ju owó pigtail lọ. Pigtail LC/UPC 72 nìyẹn (LC ni irú ẹnu kékeré tó ń wọ SFP), pẹ̀lú sleeve tó ń bo ojú ìjópọ̀, 72 àti díẹ̀ lé e, SFP+ LR (ti gígábíìtì 10) 12, patch cord LC méjìméjì, okùn kúkúrú tó ń ti panel wọ SFP, 12, panel (pákó tí ẹnu fọ́nrán ń tò sí) kan ní ìpẹ̀kun okùn kọ̀ọ̀kan.

Pigtail yìí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Ti fáíbà ilé, ẹnu aláwọ̀ ewé ló pọ̀ jù lọ́jà, APC, tí wọ́n fá ojú rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ dígírì 8. SFP ń fẹ́ UPC, aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó ń tà á á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ má gbà fún un: tẹ́ ẹ bá fi ẹnu méjèèjì kan ara wọn, àlàfo á wà láàárín, ìmọ́lẹ̀ á ṣòfò, ojú gíláàsì sì lè bàjẹ́.

Tí wọ́n bá ń fa okùn, fọ́nrán Kevlar inú rẹ̀ ni kí wọ́n dì mú, kì í ṣe aṣọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ́wọ́, kí ìyípo igun (bend radius, láti àárín ìyípo dé etí rẹ̀) má kéré sí ìlọ́po 20 ìbú okùn. Tó bá ti jókòó, ìlọ́po 10. Velcro ni kí ẹ fi dì í. Tie onírọ́bà tí wọ́n fi agbára fún mọ́ ọn máa ń tẹ gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ á máa jò níbẹ̀.

Ẹ wọn fọ́nrán kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú power meter (mita tó ń ka ìmọ́lẹ̀) ní 1310 nánómítà, irú ìmọ́lẹ̀ tí LR ń lò. Lórí mítà 60, gíláàsì fúnra rẹ̀ kì í jẹ ju 0.03 dB lọ (dB ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ṣòfò). Ìjópọ̀ méjì jẹ bíi 0.2, ẹnu panel méjì bíi 1. LR ní ààyè 6.2 dB, nítorí náà 1.2 dára gan-an. Tí mita bá ka 4, link (ìsopọ̀) lè tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan dọ̀tí tàbí ó ti ká kọjá ààlà. Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ẹ̀nì ìnumọ́ nu ẹnu méjèèjì kẹ́ ẹ tó fura sí okùn. Eruku tí ojú kò rí lè bo máíkírónù 9 yẹn tán, pàápàá nínú ilé tí wọ́n ṣì ń rẹ́ lọ́wọ́ tàbí lásìkò ọyẹ́. Tí mita bá dáa, tí link kò tàn, ẹ yí ẹsẹ̀ méjì patch cord padà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Tí kò bá ṣì tàn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá SFP gígábíìtì 1 ló wà lápá kan, 10 lápá kejì, tàbí bóyá switch ló kọ SFP tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ má yọjú wo ẹnu okùn o. 1310 kò ṣeé rí.

Láti ilé ńlá sí ilé géétì, okùn ti ìta tó ní jẹ́ẹ̀lì nínú ni kí ẹ fi sínú páìpù HDPE, nítorí omi máa ń kún kòtò láwọn apá Ẹ̀bútẹ̀. Ẹ má ra èyí tí irin wé mọ́ lára: irin yẹn á tún gbé ààrá wọlé, àfi tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ilẹ̀ (earth) dáadáa. Páìpù yẹn ti tó láti dí eku lọ́wọ́. Aṣọ dúdú okùn ìta máa ń jó fìrì, torí náà ẹ jó o pọ̀ mọ́ LSZH gbàrà tó bá wọlé.

Fọ́nrán 8 tó ṣẹ́kù ní àjà kọ̀ọ̀kan, kí ìdérí wọn wà lẹ́nu wọn. Ẹ kọ nọ́mbà sí ìpẹ̀kun méjèèjì, kẹ́ ẹ lẹ ìwé tẹ́ ẹ kọ iye dB sí mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rack.