Bí ẹ ṣe lè pa Firefox lẹ́nu mọ́ láì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ẹni ń gbà jáde nínú búráúsà. Ọ̀kan ni òfófó tí búráúsà fúnra rẹ̀ ń ṣe fún àwọn tó kọ́ ọ: irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò, ẹ̀dà Firefox tó wà lórí rẹ̀, iye táàbù tí ẹ ṣí, bó ṣe pẹ́ tó kó tó dìde. Èkejì ni ohun tí àwọn sáìtì àti àwọn olùpolówó ń kó nígbà tí ẹ bá yà sọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá fi uBlock Origin, àfikún tó ń dí ìpolówó àti atọpinpin, sí búráúsà rẹ̀ ti ṣe gudugudu méje nípa èkejì, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́, torí pé àfikún kì í rí ohun tí Firefox ń bá ilé sọ. Firefox ni mo mú, nítorí pé òun ló jẹ́ kí ọwọ́ wa tó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ má tíì dí nǹkan kan

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n kọ incoming.telemetry.mozilla.org, àdírẹ́sì tí ìròyìn Firefox ń gbà lọ, sínú hosts, fáìlì kọ̀ǹpútà tó lè dí ọ̀nà sí àdírẹ́sì kan, kí ọ̀nà lè dí pátápátá. Ìkánjú nìyẹn. Tí ẹ bá wọ Settings, tí ẹ ṣí Privacy & Security, tí ẹ sì yọ àmì kúrò níbi tó ti gba Firefox láyè láti máa fi ìròyìn ìlò ránṣẹ́ sí Mozilla tó kọ́ ọ, Firefox kì í kàn dákẹ́ lásán. Ó máa kọ́kọ́ rán iṣẹ́ ìkẹyìn kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ deletion-request, pé kí Mozilla pa ohun tí wọ́n ti kó lórí nọ́ḿbà ìdánimọ̀ búráúsà yìí rẹ́. Àdírẹ́sì tí ìròyìn ń gbà náà ni iṣẹ́ yìí ń gbà. Ẹni tó bá ti dí i kò lè fi iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́, ohun tó sì ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ á ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ yọ àmì náà ní Settings nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ fi Firefox sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ tó tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá wù lè wá kọ ọ́ sí hosts. Ẹ rántí pé profile kọ̀ọ̀kan (fódà tí Firefox ń tọ́jú ètò ẹnì kan sí) ló ní àmì tirẹ̀, ti fóònù náà sì dá dúró lábẹ́ Data collection.

Fáìlì user.js

Settings kò fi gbogbo nǹkan hàn. Èyí tó kù wà nínú about:config, ojú ìwé ètò tí ẹ ń tẹ̀ síbi àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n dípò kí ẹ máa yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ wọ́n sínú user.js, tí Firefox máa ń kà ní gbogbo ìgbà tó bá ń dìde. Ẹ tẹ about:support, ẹ wá Profile Folder, ẹ ṣí fódà náà, kí ẹ wá ti Firefox pátápátá kí ẹ tó kọ fáìlì náà síbẹ̀:

user_pref("datareporting.healthreport.uploadEnabled", false);
user_pref("app.shield.optoutstudies.enabled", false);
user_pref("app.normandy.enabled", false);
user_pref("browser.newtabpage.activity-stream.showSponsored", false);
user_pref("browser.newtabpage.activity-stream.showSponsoredTopSites", false);
user_pref("network.prefetch-next", false);
user_pref("network.http.speculative-parallel-limit", 0);
user_pref("browser.urlbar.speculativeConnect.enabled", false);

Normandy ni ọ̀nà tí Mozilla ń gbà yí ètò búráúsà yín padà láti òkèèrè, tàbí kí wọ́n fi dán nǹkan tuntun wò. Èyí tó ní speculative-parallel-limit ló yẹ kí ẹ fojú sí dáadáa. Bí kò bá sí i, tí ẹ bá kàn gbé atọ́ka eku kọjá lórí líńkì, tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́ rárá, Firefox lè ti lọ kan ilẹ̀kùn sáfà tí líńkì náà ń tọ́ka sí, kí ojú ìwé lè tètè ṣí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Sáfà náà á ti rí àdírẹ́sì IP yín.

Ẹ ó rí toolkit.telemetry.enabled nínú ọ̀pọ̀ àkójọ tí àwọn èèyàn ń pín káàkiri. Nínú Firefox tí gbogbo ayé ń lò, wọ́n ti tì í pa, kíkọ ọ́ kò yí nǹkan kan padà. Ìlà àkọ́kọ́ tó wà lókè yẹn gan-an ló ń pàṣẹ.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ba user.js jẹ́. Lórí Windows, Notepad lè tọ́jú rẹ̀ bíi user.js.txt, Firefox kò sì ní kà á. Ẹ jẹ́ kí Windows máa fi ìparí orúkọ fáìlì hàn, kí ẹ lè rí i. Bákan náà, tí ẹ bá da ìlà kọ láti ibòmíràn, àmì (") tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká lè ti tẹ̀, ìlà bẹ́ẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Àmì tó gún régé bí èyí tó wà lórí kíbọọ̀dù ni ó fẹ́. Ẹ̀kẹta ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú jù: pípa ìlà rẹ́ nínú user.js kì í dá ètò padà sí bó ṣe wà. Firefox ti da á kọ sínú prefs.js, fáìlì tí òun fúnra rẹ̀ ń tọ́jú ètò sí. Ẹ gbọ́dọ̀ pa ìlà náà rẹ́, kí ẹ tún wá orúkọ rẹ̀ nínú about:config, kí ẹ sì tẹ àmì ìdápadà tó wà lápá ọ̀tún.

Èyí tí kò yẹ kí ẹ yọ

Inú mi kì í dùn sí àwọn àkójọ tó ń pa Safe Browsing, ìkìlọ̀ Google lórí sáìtì burúkú, pẹ̀lú. Firefox kì í fi gbogbo àdírẹ́sì tí ẹ ń lọ ránṣẹ́ sí Google. Àkójọ àwọn sáìtì burúkú ló ń gbà wálé, gígé kékeré láti ara hash wọn (àmì kúkúrú tí a ṣírò láti ara àdírẹ́sì), á sì fi yẹ àdírẹ́sì wò lórí kọ̀ǹpútà yín níbẹ̀. Bí gígé kan bá jọra nìkan ló ń béèrè síwájú, gígé náà ló sì ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe àdírẹ́sì. Ẹ má sì dí firefox.settings.services.mozilla.com: ibẹ̀ ni àkójọ àfikún burúkú àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti fagi lé ń gbà wọlé. Ẹ má sì pa ìmúdójúìwọ̀n náà. Búráúsà tó dákẹ́ ṣùgbọ́n tó ní ihò ni ọ̀tá ń fẹ́.

Ti detectportal.firefox.com wà ní ọwọ́ yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá Wi-Fi ń béèrè pé kí ẹ kọ́kọ́ wọlé. Ẹ lè fi network.captive-portal-service.enabled àti network.connectivity-service.enabled sí false, ṣùgbọ́n ojú ìwé ìwọlé Wi-Fi kò ní máa yọ fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹ ó máa fọwọ́ ara yín ṣí àdírẹ́sì tí kò ní https, bíi http://neverssl.com, kó tó yọ.

Àwọn sáìtì

Ẹ fi Enhanced Tracking Protection, ààbò Firefox lọ́wọ́ àwọn atọpinpin, sí Strict, kí ẹ sì fi uBlock Origin kún un. Nínú Filter lists rẹ̀, lábẹ́ Privacy, ẹ tan èyí tó ní URL Tracking Protection, kó lè máa gé fbclid, gclid àti utm_source kúrò nídìí líńkì. Lórí Firefox nìkan ni uBlock Origin ti lè béèrè lọ́wọ́ DNS, ètò tó ń sọ orúkọ sáìtì di àdírẹ́sì IP, ibi tí orúkọ kan ń já sí, kó sì mú atọpinpin tó fi orúkọ sáìtì tí ẹ wà bojú. Chrome kò fún un ní àyè yẹn, àti pé láti ìgbà tí òfin tuntun Chrome fún àfikún, Manifest V3, ti dé, uBlock Origin Lite nìkan ló kù níbẹ̀. Bí Strict bá ba sáìtì kan jẹ́, bóyá fídíò kò ṣí tàbí ìwọlé kò lọ, ẹ tẹ àmì apata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, kí ẹ pa á fún sáìtì yẹn nìkan.

Èmi kò gbà yín níyànjú láti tan privacy.resistFingerprinting, tó ń bo àwọn àmì tí sáìtì fi ń dá búráúsà mọ̀, nínú búráúsà ojoojúmọ́. Aago á di ti UTC, sáìtì dúdú á di funfun, àwòrán tí ẹ tún ṣe lórí sáìtì lè jáde pẹ̀lú ìlà wúruwùru. Ẹni tó bá nílò irú ààbò bẹ́ẹ̀, kó lo Tor Browser tàbí Mullvad Browser, níbi tí wọ́n ti ṣètò kí gbogbo àwọn tó ń lò ó jọra. Kíkó àfikún jọ rẹpẹtẹ náà máa ń mú kí búráúsà yín dá yàtọ̀ láàrin ọ̀pọ̀ ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

F12, irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ sáìtì, kò ní fi ohun tí Firefox ń ṣe lábẹ́nú hàn. Ti ojú ìwé nìkan ló mọ̀. Ẹ tẹ about:telemetry, lókè níbẹ̀ ló ti yẹ kó sọ pé upload is disabled. Lẹ́yìn náà, ẹ ti Firefox, ẹ tún un ṣí sórí about:blank, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá tẹ about:networking kí ẹ ṣí DNS. Tí ẹ bá rí firefox.settings.services.mozilla.com, aus5.mozilla.org tó wà fún ìmúdójúìwọ̀n, tàbí push.services.mozilla.com, ara iṣẹ́ ni. Tí incoming.telemetry.mozilla.org bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ wo profile tí ẹ wà nínú rẹ̀ àti orúkọ fáìlì user.js yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ó bá jẹ́ contile.services.mozilla.com, àwọn àpótí ìpolówó orí táàbù tuntun ni ẹ kò tíì pa.