Apá Wa Wà Lókè

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé mo mọ̀wé jù wọ́n lọ o. Mo jáde lọ dáhùn fóònù lọ́jọ́ ìdìbò ni. Kí n tó wọlé, wọ́n ti yàn mí.

Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn Band A láti náírà 68 lọ sí 225 fún yúnìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, àwa ò sí lára wọn. Àwọn yẹn, ó kéré tán wákàtí 20 ni wọ́n ní kí wọ́n máa rí iná lójúmọ́. Tiwa, bí iná bá lo wákàtí mẹ́rin, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Síbẹ̀, bíìlì àfojúdá tí wọ́n ń já fún àwọn ilé tí kò ní mítà, àfi bíi pé à ń rọ irin nínú yàrá. Ìyá Ẹlẹ́wà, akápò wa, gílóòbù méjì àti fáànù kan ló ní. Ó ka tirẹ̀, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó tún un kà, bóyá á dínkù.

Ìpàdé gbóná. Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ lẹ́tà sáwọn oníná, kó jẹ́ òyìnbó tó le. Mo jókòó lóru, mo sì kọ ọ́: “The residents are up in arms.” Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn létí mi bí ìlù bàtá.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e fún Alága kí wọ́n buwọ́ lù ú. Bàbá gbé awò sójú. Wọ́n kà á débì kan, wọ́n dákẹ́.

“Akọ̀wé, ‘arms’ yìí, ṣé kì í ṣe ìbọn?”

“Rárá o, Bàbá. Bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Pé a ti yarí ni.”

Akanran ni wọ́n bí Bàbá sí. Ọmọdé ni wọ́n lọ́dún 1969 tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó ta ko owó orí, ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, tí wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀.

“Àwọn yẹn yarí,” ni Bàbá wí. “Ṣakabùlà ń bẹ lọ́wọ́ wọn lóòótọ́. Wọ́n jà títí owó orí fi di pọ́n-ùn méjì. Ṣùgbọ́n ta ní ń kọ lẹ́tà ṣáájú pé òun ń gbé ìbọn bọ̀?”

Ìyá Ẹlẹ́wà dá sí i. “Ẹ má dààmú ọmọ ọlọ́mọ, Alága. Apá ni ‘arms’. Wọ́n kọ́ wa ní púráímárì. Ó ní apá wa wà lókè ni.”

Bàbá yọ awò. “Apá wa wà lókè? Ṣé olè ká wa mọ́lé ni? Akọ̀wé, a ní kí o bá wa jà, o ti bá wa túúbá!”

Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Nígbẹ̀yìn, wọ́n buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn fúnra wọn ló máa tẹ̀ lé mi lọ, torí bí wọ́n bá béèrè ìbọn, kí àgbà wà níbẹ̀.

Ọmọkùnrin tó gba lẹ́tà lọ́wọ́ wa kò mọ̀wé kà sínú. Ó ń kà á sókè gbangba. Ó dé ọ̀dọ̀ “arms”, ni gáàdì tó ń tòògbé lẹ́nu ọ̀nà bá ta gìrì.

“Arms? Níbo?”

Ó tú àpò Bàbá: obì méjì, ilé awò, ìdìpọ̀ bíìlì. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

“Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ gbé apá sókè díẹ̀, kí n yẹ ara yín wò.”

Bàbá na apá méjèèjì sókè gbọọrọ, agbádá sì ya bò wọ́n lójú. Inú aṣọ ni mo ti gbọ́ ohùn wọn:

“Akọ̀wé! Òyìnbó ẹ ti ń yé mi bọ̀ o.”