Kí ẹ tó dábàá òfin tuntun fún àwọn ádímìn

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bójú tó ojú òpó ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àbá kì í wọ́n níbi iṣẹ́ yìí. Ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ tí àbá náà bá bí ló wọ́n. Ẹnì kan á ní, "Ẹ máa yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wò kó tó jáde." Gbólóhùn kan péré ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọ̀rọ̀ 200 ló ń wọlé lójúmọ́, tí yíyẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 30: ìṣẹ́jú 100 nìyẹn lójoojúmọ́, ọjọ́ ìsinmi kò sí, ọjọ́ àìsàn kò sí. Tó bá ti rẹ àwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ìbéèrè tó wọlé láàárọ̀ á dúró di alẹ́, ẹni tó béèrè á sì ti gbé e lọ síbòmíràn.

Inú àkọsílẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ẹjọ́ 50 tó gbẹ̀yìn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi sùn, kí ẹ ṣí fáìlì kan, kí ẹ kọ nǹkan márùn-ún sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: aago tó wọlé, aago tí alábòójútó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, òfin tó kàn, ohun tí wọ́n ṣe, àti bóyá ẹni tọ́rọ̀ kàn yarí. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó fẹjọ́ sùn síbẹ̀ rárá, torí fáìlì máa ń rìn ju bí a ṣe rò lọ. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé ẹjọ́ 30, ẹ ó ti rí ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Ó lè jẹ́ pé èèyàn méjì tó ń bára wọn jà ló ni ìdajì ẹjọ́ náà. Ó sì lè jẹ́ pé aago 12 òru sí 6 òwúrọ̀ ni gbogbo èyí tó pẹ́ ti wọlé, nígbà tí gbogbo alábòójútó ti sùn. Kò sí òfin tuntun tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ wá alábòójútó kan tó ń gbé níbi tí ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí tiyín ṣú, tàbí kí ẹ to sọ́fíwià ojú òpó yín kó máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fúnra rẹ̀ bí àkáǹtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ mẹ́ta lè fi ètò yẹn pa ẹni tí wọn kò fẹ́ lẹ́nu mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ka ẹjọ́ àkáǹtì tó ti pẹ́ díẹ̀ nìkan. Discourse, sọ́fíwià tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ojú òpó ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ní ìpele ìgbẹ́kẹ̀lé láti 0 dé 4 fún irú nǹkan báyìí. Bó ṣe máa ń wá látilẹ̀, ẹni tuntun gbọ́dọ̀ wọ inú àkọ́lé 5, kó ka ọ̀rọ̀ 30, kó sì lo ìṣẹ́jú 10 nídìí kíkà kó tó kúrò ní 0 bọ́ sí 1. Kò pọ̀, síbẹ̀ ó tó láti dá ẹni tó kàn wá dárúgúdù sílẹ̀ dúró.

Àbá tí mo máa ń kọ́kọ́ fura sí ni "ẹ jẹ́ ká ṣí ẹ̀ka tuntun". Ẹ̀ka tí kò ní ju àkọ́lé méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ilé ahoro ló dà lójú àlejò. Àwọn èèyàn á padà sí ẹ̀ka gbogbogbòò, alábòójútó á sì di ẹni tó ń ru ọ̀rọ̀ láti yàrá kan dé òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ fi àmì ẹ̀ka sára àkọ́lé nínú ẹ̀ka gbogbogbòò fún oṣù kan. Bí èyí tó gba àmì náà bá tó bíi 5 lọ́sẹ̀, ó ti tó ya ilé tirẹ̀.

Ibi tí ìjà ti ń wá jù ni lẹ́tà tí a fi ń sọ fún èèyàn pé a ti yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ wo èyí: "A ti yọ ọ̀rọ̀ yín nítorí pé ó tako òfin." Ọ̀rọ̀ wo? Òfin wo? Ẹni tó gbà á kò ní ohun tó lè tún ṣe. Ìbínú nìkan ló kù fún un, gbangba ló sì máa gbé e lọ. Ẹ wá wo èyí:

"A yọ èsì tí ẹ kọ ní aago 4:10 ìrọ̀lẹ́ òní sábẹ́ àkọ́lé bátìrì. Nínú gbólóhùn kejì, ẹ pe ẹni tí ẹ ń fún lésì ní ọ̀lẹ. Òfin 3 kò fàyè gba bíbú èèyàn. Ìyókù èsì yín wúlò. Ẹ yọ gbólóhùn yẹn, kí ẹ tún un gbé sílẹ̀. Bí ẹ bá rò pé a ṣì í, ẹ fèsì síbí. Alábòójútó mìíràn ló máa wò ó."

Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti kọ, bí ẹ bá ti ní àpẹẹrẹ rẹ̀ nílẹ̀ tí ẹ kàn ń fi ọ̀rọ̀ kún un. Ibi méjì tí àwọn tuntun máa ń fò ni gbólóhùn tí ẹ tọ́ka sí gan-an àti ìlérí pé ẹlòmíràn ló máa gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ má fi wọ́n ṣeré. Ìlànà Santa Clara ti 2018, tí wọ́n kọ fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń yọ ọ̀rọ̀ èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dá lé ohun mẹ́ta: kí wọ́n kéde iye tí wọ́n yọ, kí wọ́n sọ fún ẹni tó kàn, kí wọ́n sì fún un láyè láti pẹ̀jọ́. Ojú òpó èèyàn 300 náà lè ṣe é. Bákan náà, alábòójútó tó bá ti dá sí àríyànjiyàn kan kò gbọdọ̀ ṣe adájọ́ níbẹ̀. Slashdot, ojú òpó ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti ń lo irú èyí tipẹ́: ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ sínú ìjíròrò kan kò lè fún àwọn yòókù ní máàkì nínú rẹ̀.

Ìjìyà, kó máa ga díẹ̀díẹ̀: ìkìlọ̀, ìdákẹ́ wákàtí 24, ọjọ́ 7, lẹ́yìn náà lílé jáde. Elinor Ostrom, tó gba ẹ̀bùn Nobel ìmọ̀ ọrọ̀ ajé pẹ̀lú ẹlòmíràn ní 2009, rí i pé báyìí ni àwọn tó ń lo omi tàbí igbó àjùmọ̀ní pẹ́ títí ṣe ń bára wọn wí. Onípolówó jìbìtì kò sí nínú àkàsọ̀ yìí o. Ẹ lé e lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku asẹ́ ọ̀rọ̀ burúkú, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ èébú kó lè dá ọ̀rọ̀ dúró fúnra rẹ̀, tí gbogbo ẹni tuntun máa ń dábàá rẹ̀. Ní 1996, asẹ́ iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì AOL kò jẹ́ kí àwọn ará Scunthorpe ní England ṣí àkáǹtì, torí pé lẹ́tà mẹ́rin tó jẹ́ èébú tò tẹ̀ léra nínú orúkọ ìlú wọn. Ti Yorùbá tún le jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí náà "oko" lásán lè jẹ́ oko tí wọ́n ń ro, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó, ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀, ọ̀kọ̀ jagunjagun, tàbí nǹkan ọkùnrin tí asẹ́ yẹn ń wá. Ẹni tó sì fi àmì sí i kò bọ́. Lẹ́tà "ọ̀" kan ṣoṣo tí ojú wa rí, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀ (U+ ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ lẹ́tà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan): ọ tó ti ní àmì abẹ́ (U+1ECD) tí àmì orí (U+0300) tẹ̀ lé, o lásán tí àmì abẹ́ (U+0323) àti àmì orí jọ tẹ̀ lé, tàbí ò (U+00F2) tí àmì abẹ́ tẹ̀ lé. Asẹ́ tó ń wá ọ̀kan lè fi méjì yòókù sílẹ̀ kó máa lọ, àpótí ìwárí náà á sì máa sọ pé òun kò rí ohun tó wà lójú gbogbo ayé. Ẹ ní kí ẹni tó ń tọ́jú sọ́fíwià sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ìlànà tó ń sọ gbogbo ọ̀nà yẹn di ẹyọ kan, kó tó fi wọ́n wéra.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ asẹ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó gba orí ọ̀rọ̀ 1000 tó ti kọjá. Bó bá mú 20, tí 15 nínú rẹ̀ kò sì ṣẹ̀, ẹ dà á nù. Èyí tó bá yege pàápàá, ẹ má jẹ́ kó pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Kó kàn dá a dúró kí èèyàn wò ó. Ibi tí asẹ́ ti wúlò jù ni líǹkì: àkáǹtì tuntun, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, líǹkì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó dúró ná.

Bí àbá yín bá jẹ́ òfin, ẹ dán gbólóhùn rẹ̀ wò. Ẹ fún alábòójútó mẹ́ta ní ọ̀rọ̀ 10 kan náà, kí olúkúlùkù dá ẹjọ́ tirẹ̀ láìrí ti ẹnì kejì. Bí ìdájọ́ wọn bá yàtọ̀ lórí ju méjì lọ, gbólóhùn yẹn ló ní àrùn. "Ẹ bọ̀wọ̀ fúnra yín" máa ń kùnà ìdánwò yìí. "Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ èébú" máa ń sún mọ́ ọn.

Ẹ kọ àbá náà kó má ju ìdajì ojú ìwé lọ: ìṣòro àti nọ́ńbà tó fi í hàn, àtúnṣe, ẹni tó máa ṣe é, wákàtí tó máa gbà lọ́sẹ̀, ohun tí a máa wò lẹ́yìn ọjọ́ 30. Àwọn tó máa ru ẹrù náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn, kó tó dé gbangba. Ẹ má sì gbé e jáde nígbà tí ìjà ṣì gbóná, torí ẹ̀yìn ẹni kan ni wọ́n máa rò pé ẹ wà. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n náà, ẹ ka ẹjọ́ 50 mìíràn bí ẹ ṣe ka ti àkọ́kọ́: ṣé àkókò ìdúró ti kúrú, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mélòó ló yí ìdájọ́ padà, ẹni tuntun mélòó ló padà wá kọ ọ̀rọ̀ kejì? Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ yọ òfin náà kúrò, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí tí ẹ fi yọ ọ́ síbi tí àwọn alábòójútó tó ń bọ̀ ti máa rí i, torí lọ́dún tó ń bọ̀ ẹlòmíràn á tún dábàá rẹ̀.